Mamman Vatsa: Ìdáríjì Kì í Ṣe Ìdáláre

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde orúkọ àwọn ènìyàn tí ó lo agbára abala 175 ìwé òfin Nàìjíríà láti dárí jì. Òkú wà nínú wọn. Herbert Macaulay, tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì sọ sẹ́wọ̀n ní Èkó nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, wà níbẹ̀. Ken Saro-Wiwa àti àwọn ará Ogoni tí ìjọba Abacha yẹgi fún ní 1995 wà níbẹ̀. Ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìwòyí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀: Mejọ Jẹnẹra Mamman Jiya Vatsa, ọmọ ogun, akéwì, mínísítà Àbújá nígbà kan, tí ìjọba ológun yìnbọn pa ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1986 pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dìtẹ̀ gbàjọba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yọ̀ sí ìkéde náà, kò sì burú. Ọdún 39 kì í ṣe ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ là ń dárí jì. Bí mo bá dúró láàárín àdúgbò, tí mo sọ pé mo ti dárí adìyẹ tí aládùúgbò mi jí jì í, olè ni mo pè é níbi tí mo ti ń ṣe é lóore. Ìdáríjì kì í béèrè bóyá ó jí adìyẹ tàbí kò jí i. Ìdáláre ló máa ń béèrè. Nínú ọ̀rọ̀ Vatsa, ìbéèrè yẹn gan-an ni Nàìjíríà kò tíì dáhùn.

Ní ọdún 2025 yìí kan náà, ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì, Ọ̀gágun Ibrahim Badamasi Babangida, ẹni tó ń ṣe olórí ìjọba nígbà tí wọ́n pa Vatsa, kó ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde ní Àbújá. Ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Vatsa níbẹ̀. Ó ní ikú náà dun òun, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kò fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún òun. Ó tún ní nígbà tí òun wẹ̀yìn wò, òun rí i pé Vatsa ti ń jowú òun láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan ṣoṣo ṣe gbé ẹlẹ́rìí méjì jáde: ìjọba tó ń dárí jì, àti ọ̀rẹ́ tó ń ṣàlàyé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí láyé láti fèsì. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa: agbẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká rántí ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe, ọ̀rẹ́ tó ní, àti ilé tó fi sílẹ̀, kí á tó pinnu ohun tí a jẹ ẹ́.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1940 ni wọ́n bí Vatsa, ní agbègbè tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Ní 1957 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Bídà. Bí a bá ń wá ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ wọn kan bí a ṣe ṣèjọba Nàìjíríà, kò dájú pé a ó rí irú èyí tó kàwé ní Bídà láàárín 1957 sí 1962. Babangida wà níbẹ̀. Abdulsalami Abubakar, tó di olórí ìjọba ní 1998, wà níbẹ̀. Mohammed Magoro, Garba Duba, Gado Nasko, Sani Bello àti Sani Sami, tí gbogbo wọn di ọ̀gá ológun, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n jọ ń jẹun lórí tábìlì kan, wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, olùkọ́ kan náà ló ń nà wọ́n lẹ́gba. Yorùbá ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ohun tó yani lẹ́nu nípa àwọn ọmọ Bídà wọ̀nyí ni pé wọ́n ṣeré ju ogún ọdún lọ. Láti 1957 títí di òpin 1985, ọ̀nà wọn kò pínyà.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ló gbé wọn wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí Nàìjíríà gbòmìnira ní 1960, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá ológun, àwọn ọmọ apá Gúúsù ló sì pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ti dé ipò ọ̀gá. Àwọn olóṣèlú Àríwá rí i pé ìyẹn lè di ewu fún wọn. Ìjọba wá pín ààyè: ìdajì fún Àríwá, ìdá mẹ́rin kan fún Ìlà-Oòrùn, ìdá mẹ́rin kan fún Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n rọ àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ Àríwá pé kí wọ́n wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1962, Vatsa àti Babangida wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Kàdúná. Vatsa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 22 ni.

Ẹni tí kò bá gbé bárékè rí lè má mọ bí ọ̀rẹ́ ológun ṣe rí. Iṣẹ́ tí ikú wà nínú rẹ̀ ni. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ, ẹni náà ni yóò gbé ẹrù rẹ padà sílé fún ìyá rẹ bí o kò bá lè gbé e mọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, àwọn ọmọ Bídà di olórí àwọn ọmọ ogun lójú ìjà. Vatsa darí bàtálíọ̀nù 21. Babangida darí bàtálíọ̀nù 44, ó sì fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, nígbà tí ogun kò tíì parí, Babangida gbé Maryam níyàwó. Vatsa ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tó dúró tì í lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn là ń fún ní ipò yẹn. Ẹni tí a bá gbà pé yóò wà níbẹ̀ bí ilé bá ń jó là ń pè síbẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ Vatsa ń lọ sókè. Ó ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun ní Kàdúná. Ó darí bìrìgéèdì ní Ogoja, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Kàlàbá. Kàlàbá ló wà ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí Buka Suka Dimka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Èkó, tí Dimka sì gba orí rédíò láti kéde ìjọba tuntun. Ọjọ́ náà le. Kò sí ẹni tó mọ apá ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ń dúró wò kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò kí kú oríire. Vatsa kò dúró wò. Láti Kàlàbá ló ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò fún gbogbo Nàìjíríà pé òun àti àwọn ọmọ ogun òun kò sí lẹ́yìn Dimka. Ní Èkó, Babangida ni wọ́n rán lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò láti lé Dimka jáde. Ẹ wo ọ̀rẹ́ méjì: ọ̀kan ní Kàlàbá, ọ̀kan ní Èkó, wọ́n wà ní ìhà kan náà lọ́jọ́ tí wíwà ní ìhà kan lè mú ikú wá. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn ní 1985 ti kọ ìdìtẹ̀ ní gbangba ní 1976, nígbà tí kò sí ẹni tó fipá mú un sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló di olórí bìrìgéèdì tó ń ṣọ́ ìjọba ní Èkó, títí di 1979 tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ó tún di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ní gbogbo àkókò yìí, ó ń kọ ewì.

Àwọn ológun kan wà tí wọ́n ń kọ ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, láti sọ bí àwọn ṣe jagun tàbí láti gba ara wọn sílẹ̀. Ti Vatsa kò rí bẹ́ẹ̀. Inú iṣẹ́ ló ti ń kọ ọ́, kì í sì í ṣe ìwé kan tàbí méjì. Ó kọ ewì fún àgbàlagbà, ó kọ fún ọmọdé. Nígbà tí Nàìjíríà pín sí ìpínlẹ̀ 12, ó kọ ìwé ewì kan fún àwọn ọmọ iléèwé nípa olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ Sókótó lè mọ ohun tó ń jẹ́ Èkó, kí ọmọ Ìbàdàn lè mọ ohun tó ń jẹ́ Màídúgùrí. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ọ̀gágun tó ti gbé ìbọn jà kí orílẹ̀-èdè má pín tún gbé kálámù láti kọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní orúkọ ìlú ara wọn. Ó kọ ìwé ewì kan ní èdè Pijin, *Tori for Geti Bow Leg*, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fi ojú èdè ọjà wo Pijin. Ó kọ ewì nípa ogun pẹ̀lú.

Kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń kọ̀wé fún. Ó máa ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwé kíkọ fún àwọn ọmọ ogun àti àwọn ọmọ wọn nínú bárékè, ó sì ń mú kí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ẹ fojú inú wo ó: kọ́búrà kan tó mọ ìbọn tú, tó mọ ìbọn tò, tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún pé kó jókòó kó kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí Chinua Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1981, Vatsa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dúró tì í gbọingbọin. Nígbà tó sì di mínísítà olú-ìlú tuntun ní Àbújá lábẹ́ ìjọba Buhari, ó gba àwọn òǹkọ̀wé lálejò níbẹ̀, ó sì fún ẹgbẹ́ náà ní ilẹ̀ ní Mpape láti kọ́ abúlé tí àwọn òǹkọ̀wé lè máa gbé ṣiṣẹ́. Igbó ṣì ni púpọ̀ nínú Àbújá nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wá ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti ilé ọlọ́rọ̀. Vatsa ronú kan akéwì.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, Babangida gba ìjọba lọ́wọ́ Buhari. Vatsa kò kúrò nípò mínísítà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá, wọ́n mú un. Ìjọba ní àwọn ọ̀gá ológun kan ń pète láti gbàjọba, pé Vatsa wà lára wọn. Lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ bí ẹ̀rí ni owó 50,000 náírà tó fún ọ̀gá ológun kan, Musa Bitiyong. Ìjọba ní owó ìdìtẹ̀ ni. Vatsa ní owó oko ni òun yá a. Ó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ìdìtẹ̀.

Kóòtù tí gbogbo wa mọ̀ kọ́ ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ológun ni, ọ̀gá ológun ni adájọ́, inú bárékè ní Èkó ni wọ́n ti jókòó. Ọ̀gágun Charles Ndiomu ni alága. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan lókè tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ àwọn ológun tó ń ṣèjọba ló ń fọwọ́ sí ìdájọ́, Babangida ló sì ń darí ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ lé kúrò lórí oyè ni olórí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tí wọ́n jọ dá lẹ́jọ́, Méjọ̀ Daniel Bamidele. Ohun tó sọ níwájú ìgbìmọ̀ náà yẹ kí gbogbo Nàìjíríà máa rántí. Ó ní ní 1983, òun gbọ́ pé wọ́n ń pète ìdìtẹ̀, òun sì ṣe ohun tí òfin ológun ní kí òun ṣe: òun lọ sọ fún ọ̀gá òun. Dípò kí wọ́n yìn ín, àhámọ́ ni wọ́n fi í sí. Àwọn tó pète ìdìtẹ̀ náà sì di ìjọba. Báwo ni wọ́n ṣe wá retí pé kí òun tún lọ sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì? Wọ́n pa Bamidele náà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó gbọ́, kò sọ. Ní iṣẹ́ ológun ìgbà yẹn, ohun kan náà tí wọ́n ń pè ní ìdìtẹ̀ bó bá kùnà ni wọ́n ń pè ní ìjọba bó bá ṣe é ṣe. Àwọn tó jókòó dá Vatsa lẹ́jọ́ wà lábẹ́ ìjọba tó fi ìdìtẹ̀ dé orí oyè, tó lé ìjọba mìíràn tí òun náà fi ìdìtẹ̀ dé.

Nígbà tí ìròyìn jáde pé wọ́n ti dájọ́ ikú fún Vatsa, àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta dìde: Chinua Achebe, Wole Soyinka àti J. P. Clark. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn mẹ́ta yìí kò sí ní ìhà kan. Achebe wà pẹ̀lú Biafra, ó ń rìn káàkiri ayé nítorí rẹ̀. Soyinka gbìyànjú láti dá ogun dúró, ìjọba Gowon sì jù ú sẹ́wọ̀n. Clark wà pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀. Ogun yẹn já okùn tó wà láàárín wọn. Ẹni tó tún kó wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kan, ará Àríwá, tó darí bàtálíọ̀nù nínú ogun náà. Wọ́n lọ sí Bárékè Dódan ní Èkó láti bẹ Babangida pé kó dá ẹ̀mí Vatsa sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Babangida gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì gbọ́rọ̀ wọn.

Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìrètí. Kò pẹ́ tí Ọ̀gágun Domkat Bali, mínísítà ètò ààbò, fi kéde pé wọ́n ti yìnbọn pa Vatsa àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn. Ọmọ ọdún 45 ni Vatsa. Oṣù méje lẹ́yìn náà, Soyinka gba ẹ̀bùn Nobel, àwọn aláṣẹ Nàìjíríà sì yọ̀ mọ́ ọn pé ọmọ wa ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Bali fúnra rẹ̀, ẹni tó kéde ikú náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé ẹ̀rí tí wọ́n fi mú Vatsa kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, pé òun ṣì ń bi ara òun bóyá ọkùnrin náà jẹ̀bi ní tòótọ́. Ẹ̀rí tí ọmọ inú ilé jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ẹnu opó, kì í ṣe ẹnu ọ̀tá ìjọba.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Wọn yóò ní ìdìtẹ̀ ń pa ènìyàn, pé Murtala kú nínú ọkọ̀ ní ojú pópó, pé olórí ìjọba tó bá ní ọ̀rẹ́ òun kò lè jẹ̀bi lè sọ gbogbo ìlú sínú iná. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Vatsa bá pète ìdìtẹ̀, òfin ìgbà náà mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ òfin nítorí pé ó mọ ewì kọ, tàbí nítorí pé ó dúró níbi ìgbéyàwó ọba. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé bí ìyà bá ṣe le tó ni ẹ̀rí ṣe yẹ kó le tó. Ẹ̀rí tí kò lè dúró lójú mínísítà ètò ààbò, kò yẹ kó lè dúró níwájú ìbọn.

Ní ti owú tí Babangida sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rẹ́ tí owú kò kan rí. Ọmọdé méjì tó jọ dàgbà, tí ọ̀kan ń ṣáájú díẹ̀, tí èkejì ń lépa rẹ̀, owú yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owú kì í ṣe ìdìtẹ̀, kò sì sí òfin tó fi ikú ṣe ìyà owú. Bí ẹni tó wà láyé bá ní òkú ń jowú òun, kò sí bí òkú ṣe lè sọ ohun tí òun náà rí nínú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó kẹ́yìn ìtàn ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ìjọba ológun kò ba ìlú nìkan jẹ́. Ó ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ ológun nílò ìfọkàntán ju iṣẹ́ mìíràn lọ, nítorí ẹni tí o kò fọkàn tán kò lè ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ lójú ogun. Ṣùgbọ́n ìjọba tí a fi ìbọn gbà kò lè fọkàn tán ẹni tó mọ ìbọn lò. Ẹni tó mọ̀ ọ́ jù ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún ọ. Ó mọ ibi tí o ń sùn, ó mọ ẹni tí o ń bẹ̀rù, ó mọ bí ìwọ fúnra rẹ ṣe dé ibẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí Vatsa àti Babangida bá dàgbà di ọ̀gágun nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn ológun ń gbé ní bárékè, tí alágbádá ń ṣèjọba, wọn ì bá jà, wọn ì bá bára wọn ṣọ̀tá, wọn ì bá sì parí rẹ̀ nígbà tí irun wọn bá funfun, níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wọn ní Mínnà. Èyí kò tó nǹkan lójú ìtàn, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan lójú ènìyàn. Lónìí, ní Mali, ní Burkina Faso, ní Niger àti ní Guinea, àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n jọ kàwé tún ti jókòó sórí oyè. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń yìn wọ́n. Kí àwọn ọ̀dọ́ yìí béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Bídà. Kí wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Thomas Sankara àti Blaise Compaoré, tí àwọn náà jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1987.

Ẹ jẹ́ ká tún ronú kan ilé. Hájíà Sufiya, ìyàwó Vatsa, ti sọ fún àwọn oníròyìn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé ọkọ òun kò jẹ̀bi. Opó ọ̀gágun tó kú lójú ogun àti opó ẹni tí wọ́n pa bí ọlọ̀tẹ̀, oorun àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Wọ́n ń ta àsíá bo pósí ti àkọ́kọ́, wọ́n ń yìnbọn sókè láti yẹ́ ẹ sí. Ti èkejì kò ní ẹni tó lè bá a sunkún ní gbangba láìbẹ̀rù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú orúkọ tí gbogbo ìlú ti gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibi tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ lọ, nítorí wọn kò fi ìwé ìgbẹ́jọ́ náà han aráyé.

Nínú àwọn ọmọ Bídà, Abdulsalami Abubakar dé orí oyè ní 1998. Ó tú Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n tí Abacha fi í sí nítorí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, ó sì dárí jì í. Láàárín ọdún kan, Ọbásanjọ́ di ààrẹ. Ìdáríjì lè sin ẹni tó wà láyé dé ibi gíga, nítorí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Òkú kò ní ọwọ́. Bí a bá dárí ji òkú tí a kò sì wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ńṣe ni a ti ilẹ̀kùn tí a sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Àkọ́kọ́, kí ìjọba tó dárí jì í gbé ìwé ìgbẹ́jọ́ 1986 jáde, kí àwọn amòfin àti àwọn òpìtàn lè kà á. Ọdún 39 ti tó fún ohun tí wọ́n ń pè ní àṣírí ètò ààbò. Bí ẹ̀rí bá wà pé Vatsa jẹ̀bi, kí á rí i, kí á dákẹ́. Bí kò bá sí, kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà, kí wọ́n dá ipò rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún ẹbí rẹ̀. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bamidele àti àwọn yòókù náà, nítorí ikú ẹni tí kò lókìkí kò fúyẹ́ ju ti akéwì lọ. Èkejì, kí a tún àwọn ewì rẹ̀ tẹ̀, pàápàá ti àwọn ọmọdé. Kò yẹ kó jẹ́ pé ọ̀nà tó kú nìkan là ń rántí nípa ọkùnrin tó kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò dúró de ìjọba. Ilẹ̀ Mpape wà nínú igbó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ilé ti wà níbẹ̀ báyìí. Abúlé Àwọn Òǹkọ̀wé Mamman Vatsa ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà sì ti ń ṣe ìpàdé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ń ka ewì ara wọn síta níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó fún wọn. Àwọn òǹkọ̀wé kò dárí nǹkan kan jì í. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà.